Ọkọ Mi Wà Nílé

Ìwé tí wọ́n fi já mi kulẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ìlà kìíní kí mi. Ìlà kejì ní wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ mi wò. Ìlà kẹta ní n kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún obìnrin tó ń dá tọ́mọ, nítorí pé “ọkọ rẹ ń bá ọ gbé, a sì bá a nílé nígbà tí a lọ bẹ ilé wò.” Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ọkọ wo?

Ọkùnrin tó fẹ́ mi ti jáde nílé láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ní òun ń lọ wo iṣẹ́ kan, òun á padà ní ìparí ọ̀sẹ̀. Oyún wà nínú mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ inú oyún yẹn ti ń sáré kiri báyìí, ó ti ń ka ení, èjì, títí dé ogún, ìparí ọ̀sẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tíì dé. Bí ìjọba bá bá ọkùnrin náà nílé mi, kí wọ́n jọ̀ọ́ wá fi ibi tó wà hàn mí, nítorí yàrá kan ṣoṣo ni mo ní, mo sì máa ń gbá abẹ́ ibùsùn.

Aṣọ ni mo ń lọ jẹun. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti wà nídìí áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ kan, ẹni tó bá sì pẹ́ nídìí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, aṣọ ọrùn ènìyàn ló kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú rẹ̀. Ọ̀gá mi ra ẹ̀rọ tuntun lọ́dún yìí, ẹ̀rọ náà sì gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ mi nínú ọjọ́ mẹ́fà tí mo fi ń ṣiṣẹ́. N ò bínú sí ẹ̀rọ. Kì í ṣe òun ló bí ọmọ méjì.

Ohun tó jẹ́ kí ìlà kẹta yẹn dùn mí dé eegun ni àkọ́bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Lámèyítọ́ ni mo ń pè é, nítorí kò sí ohun tí a gbé síwájú rẹ̀ tí kì í béèrè ìdí rẹ̀. Oníbàárà wa kan, ìyàwó ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì, máa ń wá já bẹ́ẹ̀díṣíìtì mẹ́fà-mẹ́fà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó rí Lámèyítọ́ níbi tó ti ń ká aṣọ, ó ní òun fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, kó máa bá òun gbé ọmọ jòjòló òun pọ̀n, òun á fi í sílé-ìwé. Mo mọ irú ilé-ìwé tí ọmọ tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n máa ń lọ. Èmi náà lọ ọ́ rí, ọdún méje gbáko, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ aṣọ lọ̀ tí n kò mọ ìwé púpọ̀.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ ń tán kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Mo wá sọ fún obìnrin náà pé mo ń retí ìjọba. Bí orúkọ mi bá wọlé, ọmọ mi ò lọ ibì kankan. Bí kò bá wọlé, kó wá mú un ní àárọ̀ Sátidé. Ọjọ́rú ni ìwé náà dé.

Ẹni kẹrin nínú yàrá wa ni Eyínmẹ́nugún, ẹ̀gbọ́n obìnrin sí ọkùnrin tó lọ. Mo ti bá wọn nílé kí n tó wọlé, n kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Eyín wọn funfun nígbà náà, ó tò bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, ni mo bá sọ wọ́n ní Eyínmẹ́nugún. Eyín ti dín kù, orúkọ ò dín kù. Aránṣọ ni wọ́n kí ojú tó dá wọn dúró, tí wọn ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ẹsẹ̀ sì tún wá ń dùn wọ́n. Nígbà tí àbúrò wọn sá, àwọn ẹbí ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó kúrò lọ́dọ̀ mi. Eyínmẹ́nugún dá wọn lóhùn pé, “Àbúrò mi ló kọ ìyàwó rẹ̀. Èmi ò kọ ìyàwó tèmi.”

Àwọn ni ọkọ mi. Ta ni mo tún fẹ́ pè lọ́kọ ju ẹni tó bá mi jìyà lọ?

Ìgbà tí mo ka ìlà kẹta yẹn lẹ́ẹ̀kẹta ni fóònù kan tó wọlé lọ́sẹ̀ tó ṣáájú sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, mo wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Ohùn ọkùnrin kan ní láti ọ́fíìsì ìrànwọ́ lòun ti ń pè, òun fẹ́ wá bẹ ilé wò, ta ló wà nílé? Èmi, tí inú mi dùn pé ìjọba rántí mi, mo dáhùn bí ọmọ tí a bí ire. Mo ní, “Ọkọ mi wà nílé. Ẹ kanlẹ̀kùn, wọ́n á ṣí i fún yín. Ẹ kàn ṣe sùúrù, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n.” Ó dúpẹ́, ó sì pa fóònù. Mo tún padà sídìí ṣòkòtò tí mo ń lọ̀, mo ń kọrin lábẹ́nu.

Nínú gbogbo ohun tí mo sọ yẹn, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́.

Mo bi Eyínmẹ́nugún léèrè bóyá ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Wọ́n ronú dáadáa. Wọ́n ní àfi ẹni tó ń ka mítà iná, òun náà ò sì wọlé, ara ògiri ìta ló ti kà á. Ìgbà yẹn ni ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Bí ẹni náà bá wá, ì bá rí obìnrin àgbà kan pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ẹnu á sì yà á pé ọkọ wo ni mò ń wí, á béèrè, wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín sí i. Kò wá. Orí àga rẹ̀ ló jókòó sí tó fi fóònù bẹ ilé mi wò, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fi ojú òun rí ọkùnrin.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wọn kí wọ́n tó ṣí i. Àga mọ́kànlá ló wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, àwa obìnrin sì lé ní ogójì. Fáànù kan ṣoṣo ń yí, àwọn akọ̀wé ló kọ ojú sí. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri pé ẹ má ṣe gbé ọmọ wọ ibí. Ọ́fíìsì àwọn tó ń dá tọ́mọ ni o. Ìyá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti fi tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn, ó sì ń wo aago ògiri bí ẹni pé aago náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. A gba nọ́ńbà, a jókòó, a dúró, a tún jókòó. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ó kọjá ọ̀sán kí wọ́n tó pe èmi.

Ẹni tó wà lẹ́yìn fèrèsé onígíláàsì náà, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wo ẹ̀wù rẹ̀. Sítáàṣì pọ̀ lára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yí ọrùn láìyí èjìká, ìlà méjì sì wà lápá rẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹyọ kan wà, àmì ẹni tó ń kánjú lọ aṣọ. Mo sọ ọ́ ní Onísítáàṣì nínú ara mi. Mo kí i, mo sì ṣàlàyé pé ọkọ tí mo wí lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni.

Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọkọ mi wà nílé, ẹsẹ̀ ń dùn ún.

Mo bi í bóyá kò gbọ́ èdè tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ ni. Ó ní òun gbọ́ ọ, kí n má bínú, ìyá òun gan-an ń pe àbúrò bàbá òun obìnrin lọ́kọ. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní ìyá, màdáàmù.”

Mo ní kò burú. Ìwé náà ní wọ́n bá ọkọ mi nílé, ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ó tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní ẹni tó wà nílé ló ṣí i. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, ọjọ́ Ẹtì agogo méjìlá ni wọ́n ń ti ìwé oṣù yìí pa, kí n sì tètè lọ gba lẹ́tà wá kó tó di ìgbà náà. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ta ni? Láti ọ̀dọ̀ ọkọ mi, kó fọwọ́ sí i pé òun kò sí nílé.

Mo dúró wò ó. Ọkùnrin tí n kò mọ ibi tó wọlẹ̀ sí láti ọdún mẹ́rin, òun ni kí n lọ wá rí, kó bá mi kọ ọ́ pé mi ò rí òun. Mo sì rí i lójú Onísítáàṣì pé kò rí ohun tó ń ṣeni ní kàyéfì nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ó ní, ó dáa, kí ni orúkọ obìnrin tí mo pè ní ẹ̀gbọ́n ọkọ yìí, kí òun kọ ọ́ sílẹ̀. Ọdún méjìlá ni mo ti ń yẹra fún orúkọ yẹn, kò sì sí bí n ṣe máa já a lulẹ̀ níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó dé bírò rẹ̀ padà. Ó ní ṣé mò ń gbé pẹ̀lú ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. Bí mo ṣe ń yí padà, mo gbọ́ tó sọ fún akọ̀wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé irọ́ àwọn dálémosú wọ̀nyí kì í tán.

Dálémosú. Ilé ta ni mo dá? Ẹni tó dá ilé sílẹ̀ wà níbi tó wà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ kankan. Èmi tí mo jókòó ti ilé ni mo gba orúkọ.

Nígbà tí mo délé, Lámèyítọ́ ti kó ẹ̀wù rẹ̀ mẹ́rin sínú báàgì. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní ṣé ọmọ jòjòló máa ń sunkún lóru, mo ní wọ́n máa ń sunkún. Kò béèrè ìdí. Èyí tí kò béèrè yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù.

Eyínmẹ́nugún jókòó sórí ibùsùn, wọ́n gbọ́ gbogbo ìtàn náà dé ìparí. Wọ́n wá ní, “Ìyàwó, ọkọ ni wọ́n ń wá? Gbé mi lọ.”

Ẹsẹ̀ wọn kò lè rìn débẹ̀, owó mọ́tò kò sì sí. Mo lọ bẹ ọ̀gá mi alágbàfọ̀ pé kó yá mi ní ọmọlanke tí a fi ń kó aṣọ ilé ìtura. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, àfi ti ẹ̀rọ tó rà. Ó ní kí n dá a padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀díṣíìtì mẹ́rin sínú rẹ̀, mo gbé ọkọ mi sórí wọn, mo sì ń tì wọ́n lọ láàárín títì. Wọ́n gbé ọ̀pá wọn sórí orúnkún, wọ́n ń kí àwọn tó ń wò wá, wọ́n ń sọ fún wọn pé ìyàwó àwọn ló ra mọ́tò tuntun. Mo ń làágùn, mo ń rẹ́rìn-ín, inú sì ń bí mi, gbogbo rẹ̀ papọ̀.

N kò gba nọ́ńbà lọ́jọ́ yẹn. Mo ti ọmọlanke kọjá àga mọ́kànlá, mo tì í dé ẹnu ọ̀nà ọ̀gá wọn, mo sì sọ pé n ò ní kúrò níbẹ̀. Bí ariwo ṣe ń pọ̀ ni obìnrin kan jáde. Ó wọ kóòtù dúdú tí apá rẹ̀ ń dán, ẹnì kan ti gbé áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e láìfi aṣọ tútù sáàárín. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rò ó fún un. Ó pe Onísítáàṣì, ó bi í bóyá ó lọ bẹ ilé mi wò lóòótọ́. Ó ní òun lọ. Ó bi í bóyá ó rí ọkọ mi. Ó ní òun fi ojú òun méjèèjì rí i.

Eyínmẹ́nugún na ọ̀pá wọn díẹ̀. “Ọmọ mi, irú ènìyàn wo ni ọkọ náà?”

Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Ó ní ọkùnrin kan ni, ó dúdú, ó ti dàgbà díẹ̀.

Wọ́n fi ọwọ́ lé èjìká mi, wọ́n dìde dúró nínú ọmọlanke náà. “Èmi ni. Ilé yẹn ò ní ọkọ mìíràn. Wò mí dáadáa, kí o lè dá mi mọ̀ lọ́jọ́ tí o bá wá.”

Àwọn obìnrin tó wà lórí àga àti àwọn tó wà ní ìdúró bú sẹ́rìn-ín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, mo sì rò pé ọjọ́ náà ló dé yìí. Mo ń retí kí ọ̀gá náà gbá a létí, ká tilẹ̀ ní kó fi ẹnu lásán gbá a. Ọ̀gá náà ní àṣìṣe ni. Mo ní bí iyọ̀ bá pọ̀ lọ́bẹ̀, àṣìṣe nìyẹn. Kí ènìyàn kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba pé òun rí ọkùnrin tí kò sí, kí wọ́n sì torí rẹ̀ já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ rọra sọ̀rọ̀. Onísítáàṣì ni wọ́n tún rán pé kó lọ mú fọ́ọ̀mù tuntun wá fún mi, ó sì mú un wá pẹ̀lú ọrùn rẹ̀ tí kò tẹ̀.

A wọ ọ́fíìsì ọ̀gá náà. Aago ti lé ní mọ́kànlá. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti àwọn ọmọ. Mo dé ibi tí wọ́n ti ní kí n kọ àgbàlagbà mìíràn tó ń gbé nínú ilé, kí n sì fàlà sí ohun tó jẹ́ sí mi. Wọ́n ti kọ oríṣi rẹ̀ sílẹ̀: ọkọ, òbí, ẹbí, àlejò. Mo gbé bírò sókè. Ọwọ́ mi ń lọ sí “ọkọ” kí n tó rántí.

Ọ̀gá náà na ọwọ́ dí i. Ó ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ sì tutù. Bí mo bá fa ìlà sí ọkọ, kọ̀ǹpútà á tún dá mi padà. Bí mo bá fà á sí ẹbí, òfin ní àgbàlagbà tó bá jẹ́ ẹbí ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ bùkátà mi kí ìjọba tó dá sí i, wọ́n á sì ṣe ìwádìí oṣù mẹ́fà lórí ohun tó ní. Bí mo bá fà á sí àlejò, orúkọ mi á wọlé lónìí, kí agogo méjìlá tó lù. Ó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Ohun tó bí mi nínú jù lọ nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni pé òótọ́ ló sọ, ó ń ràn mí lọ́wọ́.

Ẹni tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, tó ń fi apá kan oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ mi lójoojúmọ́ tó ń ní òun ti yó, ìjọba ní kó wá bọ́ mi. Tí kò bá sì bọ́ mi, àlejò ni.

Mo gbé bírò náà sílẹ̀. Mo ní, “Wọn kì í ṣe àlejò.”

Ọ̀gá náà wo aago rẹ̀.

“Ìyàwó,” ni Eyínmẹ́nugún wí, wọn ò gbé ohùn sókè. “Ta ló ń bọ̀ wá mú ọmọ wa lọ́la?”

Mo tún na ọwọ́ mú bírò náà.

“Kọ ọ́. Àlejò ni mí.”

Wọ́n wá fúnra wọn pe orúkọ wọn, díẹ̀díẹ̀, kí n lè rí i kọ. N kò tẹ̀ lé wọn pè é. Mo fi bírò kọ ọ́ nìkan, ẹnu mi wà ní pípadé, mo sì fa ìlà sí ibi tí wọ́n ní kí n fà á sí. Ọ̀gá náà lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó ní mo káre. Mo fẹ́ bú u, àmọ́ ọmọ mi wà nínú ìwé tó dì mú.

Lójú ọ̀nà, wọ́n ń ṣàwàdà láti inú ọmọlanke. Wọ́n ní àlejò kì í fọ abọ́, kí n tètè wá ẹni tó máa fọ tòní. Wọ́n ní àlejò ló ń kọ́kọ́ bu ẹran. Mo ń dá wọn lóhùn, ojú mi sì wà níwájú kí wọ́n má baà rí i. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì, mo sọ fún obìnrin náà pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti wá lọ́la. Ó ní ṣé mo ti rò ó dáadáa. Mo ní ìjọba ti bá mi rò ó.

Lámèyítọ́ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó lọ tú ẹ̀wù rẹ̀ kúrò nínú báàgì. Ó béèrè ìdí. Ó béèrè ìdí, Ọlọ́run ṣeun. Mo ní orúkọ wa wọlé, ó sáré wọlé lọ, mo sì gbọ́ tó ń sọ fún àbúrò rẹ̀.

Mo gbé Eyínmẹ́nugún sọ̀kalẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá wa, yàrá tí àwọn fúnra wọn gbà kí n tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni, wọ́n sì dúró. Wọ́n fi ọ̀pá kan ara ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Àgò onílé o.”

Láti inú ilé, Lámèyítọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àgò yà.”

Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni, wọ́n ń wo ojú mi kí n lè rẹ́rìn-ín. N kò rí i rín. Mo kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà náà, eruku ọmọlanke wà lára mi, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má kàgò nínú ilé wọn mọ́ láé, ọkọ mi. Ohùn tí mo fi sọ ọ́ le, bí ẹni ń jà, Lámèyítọ́ sì yọjú wá béèrè ta ni mò ń bá jà.